Orí Ló Ru Iṣu, Kì í Ṣe Apá

Ẹja gbígbẹ láti Lọ́kọ́ja, irú èyí tí wọ́n ká ìrù rẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kọ́bọ̀ mẹ́rin ni mò ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjà Kàbà ní ọdún kejì tí obìnrin gorí oyè nílùú òyìnbó. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lẹ́tọ̀ọ́ láti ya ikùn rẹ̀ wò, bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Bí kò bá yà á wò, tó gbé e délé tó bá ìdin pàdé, kò sẹ́ni tó máa bá a sunkún. Òfin ọjà nìyẹn. Nítorí ẹja kọ́bọ̀ mẹ́rin, a ń wo inú. Nítorí apá ènìyàn, dókítà ìjọba kan jókòó sórí àga, ó wòran láti òkèèrè, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti yé òun. Ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́, tí ọmọ ọmọ mi ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ yìí.

Àbúrò mi ọkùnrin, èyí tó tẹ̀lé mi gan-an, lọ sí ogun Bọ́mà. Ẹnikẹ́ni kò fi tipá mú un. Àwọn tó ń gba sójà ṣèlérí bàtà, òun náà sì fẹ́ràn bàtà. Ó rí bàtà gbà. Ó tún rí irin kan gbà lé e, tó gba ẹ̀yìn wọ èjìká ọ̀tún rẹ̀, tó sì jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ilé ara rẹ̀ mọ́. Àwọn tó tọ́jú rẹ̀ lójú ogun ní bí àwọn bá ń fi abẹ wá irin náà kiri, àwọn lè gé iṣan tó kù. Wọ́n rán ojú ọgbẹ́ náà pọ̀, wọ́n fún un níwèé, wọ́n dá a padà fún wa.

Apá náà wà lára rẹ̀ o. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà kò lè mọ nǹkan kan. Àmọ́ kò lè gbé e kọjá àyà. Ìka méjì tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ kò mọ iná yàtọ̀ sí omi. Ó ti gbàgbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò rí, òórùn ẹran sísun ni àwa gbọ́ kí òun tó mọ̀ pé ara òun ni. Ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè iṣu nílẹ̀ wa kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ kan gbé. Alágbàṣe ló ń bá a kọ ebè, owó tó sì fi ń sanwó alágbàṣe ni ṣílè mẹ́rìnlá tí ìjọba ń san fún un lóṣooṣù nítorí apá yẹn. Ó níyàwó, ó bímọ. Ṣílè mẹ́rìnlá yẹn ni oko rẹ̀, oko náà ni oúnjẹ wọn. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, èmi nìkan ló kù láàárín wọn àti ebi, èmi náà sì ní ẹnu tí mò ń bọ́ nílé ọkọ.

Ìwé dé lọ́jọ́ kan. Tíṣà àdúgbò wa ló kà á fún wa, nítorí ìwé tèmi kò kọjá kí n mọ iye tí wọ́n kọ sára àpò iyọ̀. Ó ní ìjọba fẹ́ mọ̀ bóyá apá náà ti sàn. Dókítà sójà kan ń bọ̀ láti òkè lọ́hùn-ún, nílẹ̀ Hausa, yóò dé sí ilé àlejò àwọn òyìnbó lórí òkè ní Kàbà, kí gbogbo sójà àtijọ́ tó ń gba owó ọgbẹ́ wá fi ara wọn hàn án.

Àbúrò mi ní, “Bóyá ó ti sàn. Wọ́n rò pé irin ń jẹrà bí iṣu.”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí wọ́n jọ jagun, tí eékún rẹ̀ kan kì í tẹ̀ mọ́. Ó wá sílé wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ dókítà, ó wá fún un nímọ̀ràn. Iye, ìyá tó bí wa, jókòó lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí.

“Má wẹ̀ lọ́la,” ni ọ̀rẹ́ náà wí. “Ẹ̀wù tó ya ni kó o wọ̀. Má jẹun. Bó bá ti fọwọ́ kàn ọ́ báyìí, kí o ké.”

Iye gbójú sókè. “Ọmọ ta ló fẹ́ wọ àkísà lọ síwájú ẹni ńlá?”

“Iye, dókítà ni. Kì í ṣe àna.”

“Mo mọ̀ pé dókítà ni. Ṣé ẹni tí kò bá ti ní í fún ọ láya, o lè lọ bá a bí wèrè?”

“Iye, bó bá rí i pé ara rẹ̀ ń dán, yóò ní kò ṣàìsàn.”

“Eékún rẹ ni kò tẹ̀,” ni Iye wí, ó padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀. “Orí rẹ ti tẹ̀ tipẹ́.”

A rẹ́rìn-ín títí, ọ̀rẹ́ náà rẹ́rìn-ín jù wá lọ. Bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ òótọ́ o.

Nígbà tó di òwúrọ̀, Iye ti fọ ẹ̀wù kákí àbúrò mi, ó ti fi páànù tí ẹ̀yinná wà nínú rẹ̀ lọ̀ ọ́, ó ti fi òrí pa ọmọ rẹ̀ lára títí ó fi ń dán bí ọmọ ìkókó. Ó sì ti di iṣu sínú agbọ̀n, àwọn tó tóbi jù nínú àká, ó so àkùkọ kan mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Iye, wọn ò ní ká mú nǹkan kan wá,” ni àbúrò mi wí.

“Ṣé wọ́n ní kí ẹ má mú un wá?”

“Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Àlejò ni àbí kì í ṣe àlejò? Ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ wá, ta ló ń se oúnjẹ fún un?”

Kì í ṣe rìbá. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iye kò mọ rìbá. Bí dógarì, ọlọ́pàá ọba, bá wá gba owó orí, iṣu náà ló máa ń fún un, yóò tún sọ fún un lójú rẹ̀ pé olè ni ọ̀gá rẹ̀. Àlejò kì í wọ ìlú kí ó sùn lébi, ibi tí ọ̀rọ̀ mọ lọ́dọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Èmi ni mo ru agbọ̀n. Lọ́rì já wa sílẹ̀ nísàlẹ̀ òkè, a bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ gùn ún. Nílẹ̀ wa, àbúrò tó bá ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rìn gbọ́dọ̀ gba ẹrù lórí rẹ̀. Kò sí pé ó rẹ ìwọ náà. Kò sí pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Ọmọ tí kò bá gbà á, ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa bú. Láti ibi tí lọ́rì já wa sí ni àbúrò mi ti ń sọ pé kí n gbé e wá, èmi sì ń sọ pé kó gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́.

Lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ilé àlejò náà, àwọn sójà àtijọ́ ti kún abẹ́ igi, àwọn àgbààgbà kan nínú ìlú náà wà níbẹ̀ tí wọ́n wá wòran. Bàbá kan níbẹ̀ kí mi.

“Okun o, ìyá oníṣu. Géńdé tó ń tẹ̀lé ọ bọ̀ yìí, ṣé ó ń ṣọ́ ọ kí o má jí iṣu gbé sá ni?”

Gbogbo abẹ́ igi ló bú sẹ́rìn-ín. Ojú àbúrò mi yí padà.

“Ẹ gbé e fún mi.”

“Apá rẹ ńkọ́?”

“Orí ni mo fẹ́ fi rù ú, kì í ṣe apá. Ọwọ́ òsì á dì í mú.”

“Mo ní o kò ní í rù ú.”

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, “mo lọ jagun, mo bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fi mí rẹ́rìn-ín níwájú àwọn tí a jọ lọ.”

Ó bẹ̀rẹ̀. Mo gbé e lé e lórí. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀ lónìí, ohun tó tọ́ ni a ṣe. Ó fi ọwọ́ òsì di agbọ̀n mú, ọwọ́ ọ̀tún ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí okùn garawa, a sì gba àárín ọgbà kọjá lọ sí ibi tí dókítà jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń mu tíì. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń wò wá bọ̀. Mo rò pé iṣu ló ń wò.

Òyìnbó náà ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tàfíntà rẹ̀ ń túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa, àbúrò mi sì gbọ́ Hausa tí wọ́n kọ́ ọ ní bárékè. Èmi dúró lẹ́yìn òpó, èmi náà gbọ́ Hausa ọjà. Kí ó tó sọ agbọ̀n kalẹ̀ tán ni tàfíntà ti kọ lù ú.

“Kí ló dé tí o kò kí Bàtúrè bí sójà?”

“Ọwọ́ mi kò lè dé iwájú orí.”

“Fi òsì kí i.”

“Wọ́n nà wá ní bárékè nítorí òsì.”

Tàfíntà sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ pé aláfojúdi ni. N kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n mo mọ bí ojú ẹni tó ń ròyìn ẹni ṣe ń rí. Dókítà ní kó bọ́ ẹ̀wù. Ó wo àpá náà. Ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti pọ́n. Ó ní kó wọ ẹ̀wù rẹ̀. Ó pẹ́ nídìí ìwé kíkọ ju bó ṣe pẹ́ nídìí apá lọ. Lẹ́yìn náà ni kúkù rẹ̀ jáde, ó gbé agbọ̀n iṣu wọlé. A gbọ́ ohùn àkùkọ lẹ́ẹ̀kan, a kò gbọ́ ọ mọ́.

Nígbà tí a délé, ohun kan ṣoṣo ni Iye bi wá. “Ṣé ó gba iṣu?”

“Ó gbà á.”

“Ẹ rí i. Ọmọ ènìyàn ni.”

Òṣùpá méjì kò tíì lé tán tí ìwé fi dé. Tíṣà kà á lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kó tún un kà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé dókítà fi ojú ara rẹ̀ rí ọkùnrin náà tó ru ẹrù wúwo gun òkè láìsí ìnira kankan, nítorí náà apá rẹ̀ ti sàn, owó sì ti dúró.

Mo bá ìwé náà jà níbẹ̀. Tíṣà sún sẹ́yìn, ó rò pé òun ni mò ń bá wí. Orí ló ru iṣu. Ọrùn ló gbé e dúró. Ẹsẹ̀ ló gun òkè. Apá ọ̀tún kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá, àfi bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ó yẹ kí ó ti dúró sílé. Bí ó bá jẹ́ pé orí ni irin bà á, wọn ì bá pe orí lẹ́jọ́, èmi ì bá pa ẹnu mọ́. Obìnrin tó lóyún ń ru igi gun òkè lójoojúmọ́ nílẹ̀ wa, èyí tí àrùn egungun ń dà láàmú ń ru omi; bí a bá fi ẹrù orí ṣe ẹ̀rí, kò sí aláìsàn kan láti Kàbà títí dé Mákùtù. Ọwọ́ tí kò lè kí i, wọ́n pè é láfojúdi. Orí tó gbé oúnjẹ wá fún un, ó pè é lẹ́rìí. Ó sì jẹ ẹ̀rí náà. Wọ́n gún un fún un, tàbí wọ́n dín in, n kò mọ èyí tí òyìnbó fẹ́ràn.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ eléékún, tó wọ àkísà, tí kò wẹ̀, tó ké kí dókítà tó fọwọ́ kàn án, owó tirẹ̀ kò dúró. N kò sọ pé eékún rẹ̀ kò burú, ó burú. Ó wá bẹ̀ wá wò, kò sì rẹ́rìn-ín. Iye ló fọwọ́ ara rẹ̀ bu omi fún un, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan nípa orí tó tẹ̀.

Mo ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ mi, mo lọ bá akọ̀wé tó ń mójútó ọ̀rọ̀ àwọn sójà àtijọ́. Ọmọdé ni, tó wo gèlè mi kó tó wò mí lójú.

“Màmá, dókítà ló kọ ọ́.”

“Mo mọ̀. Kí ló wò kó tó kọ ọ́?”

“Ó rí i tó ru ẹrù.”

“Ìwọ náà rí mi tí mo wé gèlè. Ṣé ó túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ kò dùn mí?”

“Màmá, n kò ní agbára kankan níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bá ìjọba jiyàn, ẹ lọ mú ìwé dókítà mìíràn wá, dókítà tó yẹ apá náà wò dáadáa.”

“Èyí àkọ́kọ́, kí ni kó wá ṣe?”

Ó bojú wẹ̀yìn bóyá ọ̀gá rẹ̀ ń gbọ́, ó wá fi ìwé bo ẹnu. Ẹ̀rín ló ń rín. Kò bí mi nínú, èmi náà ì bá rín in bí kì í bá ṣe àbúrò mi ni.

Dókítà míṣọ̀n kan wà ní ìhà Ẹ̀gbẹ̀ nígbà náà tí gbogbo Yàgbà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. A múra láti lọ. Iye tún ti ń ti ọwọ́ bọ inú àká iṣu nígbà tí àbúrò mi dì í lọ́wọ́ mú.

“Iye, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n lọ lọ́wọ́ òfo.”

“Kí wọ́n ní èmi ni mo bí ọ bẹ́ẹ̀?”

“Kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.”

Iye yọ ọwọ́ kúrò nínú àká. Ó wọlé lọ, kò sì jáde wá sìn wá dé ìdí lọ́rì. Nínú gbogbo ohun tí ọkùnrin ilé àlejò yẹn bà jẹ́ fún wa, èyí gan-an ni n kò lè dárí rẹ̀ jì í: ó kọ́ ìyá mi lọ́jọ́ ogbó pé ìwà rere ń pa ọmọ.

Lọ́rì gba Mọ̀pà, ó gba Ìsánlú, eruku ọ̀nà sọ wá di aláwọ̀ osùn. A tò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn títí oòrùn fi yẹ̀. Nígbà tó kàn wá, dókítà náà ní kí àbúrò mi di ojú. Ó mú abẹ́rẹ́, ó ń fi gún ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì ọmọ Yàgbà kan ń bi í pé, “Èwo ni?” Ìka méjì wà tí ẹ̀jẹ̀ yọ lójú wọn tí àbúrò mi ṣì ń dúró de abẹ́rẹ́. Ó fi okùn ìwọ̀n tí télọ̀ ń lò wọn apá méjèèjì. Ti ọ̀tún ti gbẹ, a kò mọ̀ rí, nítorí ta ló ń wọn apá ọmọ ìyá rẹ̀? Lẹ́yìn náà ló fi àtàǹpàkò wá ẹ̀yìn èjìká náà kiri, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi bá irin náà níbi tó sá pamọ́ sí. Àbúrò mi tó lọ Bọ́mà ké. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Dókítà náà kọ ìwé, iwájú àti ẹ̀yìn. Nọ́ọ̀sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ fún wa: “Ó ní ẹni tó bá sọ pé apá yìí ti sàn, kò fọwọ́ kàn án.”

A fi ìwé náà lé akọ̀wé lọ́wọ́. Ó ní òun á fi í ránṣẹ́ sókè. Òkè náà ga o. Àkókò ebè kọjá, kò sí alágbàṣe. Ìyàwó rẹ̀ kọ ìwọ̀n tó lè kọ, ọmọ tí wọ́n pọ̀n ń ké lẹ́bàá poro. Àbúrò mi fi ọwọ́ kan gbìyànjú. Ebè tó kọ kéré bí èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, iṣu tó sì hù níbẹ̀ mọ bí ebè rẹ̀ ṣe rí. Ó ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ta bàtà. Ó dẹ́kun àti máa jókòó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo bá a tó ń fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú, tó ń wò ó, bí ẹni tó ń wo ọmọ tó jẹ́rìí èké.

Oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn tí owó ti dúró ni ìdáhùn dé. Tíṣà kà á nínú àgbàlá, gbogbo wa yí i ká. Ìjọba gbà pé apá náà kò dára. Ṣùgbọ́n dókítà tiwọn náà kò purọ́, ó rí ẹrù. Nítorí náà, wọ́n gbà pé ìdajì ohun tó ń ṣe apá náà jẹ́ ti ogun, ìdajì yòókù jẹ́ ti ẹrù tó ń rù láti ìgbà tó ti délé. Ìdajì owó ni wọn yóò máa san, ṣílè méje lóṣù.

Mo ti ń ná ọjà láti kékeré, mo sì mọ ọjà níná bí mo bá rí i. Ẹnì kan ní kò tó kọ́bọ̀, ẹnì kejì ní ó pé, wọ́n pàdé láàárín, wọ́n pè é ní ìmọ̀ ìṣègùn.

Iye na ọwọ́ sí èjìká ọmọ rẹ̀. “Ìdajì wo ni tiwọn?” ó bi tíṣà. “Ti òkè àbí ti ìsàlẹ̀?”

Tíṣà yí ìwé náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti bí oṣù mélòó kan. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì wá dúró tì í, kò mọ̀ bóyá ẹkún ni.

Èmi ni mo bá a lọ gba ti oṣù àkọ́kọ́. Akọ̀wé ọjọ́ yẹn náà ni. Ó ka ṣílè méje sórí tábìlì, àbúrò mi tẹ̀ka.

“Oṣù mẹ́wàá tí owó fi dúró lọ́dọ̀ yín ńkọ́?” ni mo wí.

“Màmá, ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i ló bẹ̀rẹ̀. Kò kan ẹ̀yìn.”

“Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ fi ìdajì apá yín ṣírò rẹ̀, gbèsè wà lọ́rùn yín.”

“Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n san án.”

Àbúrò mi fà mí láṣọ. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Bí ẹ bá tún bá a jà, wọ́n á ní ẹnu yín ló ba apá mi jẹ́.”

A jáde. Lójú ọ̀nà, mò ń ṣírò. Ohun tí wọ́n jẹ mọ́ ọn lára láàárín oṣù mẹ́wàá yẹn, ní ṣílè mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá, jẹ́ ogóje ṣílè, pọ́nùn méje géérégé.